Fídíò kọ̀ǹpútà sórí DVD: bí ojú ènìyàn kò ṣe ní fẹ̀, tí kò sì ní gùn gbọọrọ

Fídíò ìgbéyàwó dára lójú kọ̀ǹpútà: ìyàwó rí bó ṣe rí, ọkọ rí bó ṣe rí. Ẹ kọ ọ́ sórí DVD, ẹ gbé e fún oníbàárà, kò pẹ́ ni wọ́n pè yín: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe ojú màámi? Ó dà bíi pé wọ́n tẹ orí wọn mọ́lẹ̀." Nígbà mìíràn, òdìkejì ni: gbogbo àlejò ti di ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Tàbí kí àwòrán há sí àárín tẹlifíṣọ̀n, kí dúdú yí i ká lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì.

Kámẹ́rà kọ́ ló fà á. Ìwọ̀n píksẹ́lì ni, ìyẹn àwọn àmì tóótòòtó tí a tò pọ̀ di àwòrán.

Lórí àwo DVD tó jẹ́ PAL, irú èyí tí a ń lò ní Nàìjíríà, àwòrán máa ń jẹ́ píksẹ́lì 720 ní ìbú àti 576 ní gíga, ìbáà jẹ́ ojú 4:3 (ìbú 4 sí gíga 3) ayé àtijọ́ tàbí 16:9 òde òní. Ẹ pín 720 sí 576, 1.25 ni yóò fún yín. 4:3 jẹ́ 1.33, 16:9 jẹ́ 1.78. Kò sí èyí tó bá a mu nínú méjèèjì, nítorí pé píksẹ́lì DVD kò dọ́gba nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bíi ti kọ̀ǹpútà àti fóònù. Ní 16:9, ìbú píksẹ́lì kan jẹ́ ìlọ́po 1.42 gíga rẹ̀. Ní 4:3, ó jẹ́ 1.07. Bí agbádá tí a ká sínú àpótí ni àwòrán orí DVD rí: ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ ló máa tú u.

Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́, kí ẹ fún àwòrán pọ̀ bó ṣe yẹ. Èkejì, kí ẹ fi àmì sí i tí yóò sọ fún ẹ̀rọ DVD bí yóò ṣe tú u. Àmì náà sì kéré púpọ̀: ó lè sọ pé 4:3, ó sì lè sọ pé 16:9, ó parí. Kò sí ibi kankan lórí àwo tí wọ́n ń kọ 1.42 sí, nítorí náà ẹ má wá a. Ẹni tó bá fún àwòrán pọ̀ láì fi àmì sí i, tàbí tó fi àmì sí ohun tí kò fún pọ̀, òun ni oníbàárà máa ń pè padà.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

- Fáìlì tó jáde látinú ẹ́díìtì, ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Èyí tó ti gba orí WhatsApp kọjá kò wúlò níbí.
- ffmpeg, tó ń yí fídíò padà, àti ffprobe, tó ń sọ ohun tí fáìlì jẹ́. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọ́n sì máa ń wà pọ̀.
- DVDStyler, tàbí ètò mìíràn tó ń to DVD. Ọ̀fẹ́ ni DVDStyler náà.
- VLC, fún àyẹ̀wò.
- Àwo DVD-R àti ẹ̀rọ tó ń kọ ọ́.
- Rúlà tàbí téèpù àwọn télọ̀. Ẹ má fojú di í, òun ni adájọ́.
- Tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ DVD kan tí kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù yín.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ bi fáìlì léèrè ohun tó jẹ́

Ẹ ṣí Command Prompt tàbí Terminal nínú fódà tí fáìlì wà, kí ẹ tẹ èyí (ẹ fi orúkọ fáìlì yín rọ́pò ayeye.mp4):

ffprobe ayeye.mp4

Ẹ wá ìlà tí ọ̀rọ̀ Video wà. Ẹ ó rí ohun tó jọ èyí: 1920x1080 [SAR 1:1 DAR 16:9]. SAR ni ìwọ̀n píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, DAR ni ìwọ̀n gbogbo ojú àwòrán. 1:1 túmọ̀ sí pé píksẹ́lì dọ́gba, bó sì ṣe máa ń rí nìyẹn fún fídíò fóònù àti ọ̀pọ̀ kámẹ́rà.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í ni fídíò àwọn kámẹ́rà kan tó ń gba 1440×1080. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà yẹn nìkan á rò pé 4:3 ni, torí pé 1440 pín sí 1080 jẹ́ 1.33. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. SAR rẹ̀ jẹ́ 4:3, nítorí náà 1920×1080 ni ó máa ń hàn. Bákan náà ni fídíò tí ẹ fà jáde látinú téèpù DV: 720×576 ni, ó sì ti wà ní fífún pọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. SAR ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ẹ tún wò ó bóyá ọ̀rọ̀ bíi "top first" wà ní ìlà yẹn. Bó bá wà, kámẹ́rà gba àwòrán ní ìlà ìlà, a sì ní iṣẹ́ kékeré kan láti fi kún un ní ìgbésẹ̀ kẹrin.

Àyẹ̀wò: ẹ kọ SAR àti DAR sílẹ̀ lórí ìwé. Bí ẹ kò bá lè sọ méjèèjì láì wo ojú kọ̀ǹpútà, ẹ má tíì lọ sí ìgbésẹ̀ kejì.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ pinnu ohun tí àwo máa jẹ́

Bí DAR bá jẹ́ 16:9, ẹ ṣe àwo 16:9. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé nítorí pé tẹlifíṣọ̀n bàbá àgbà ṣì jẹ́ ti àtijọ́ tó yọ ikùn sẹ́yìn, kí ẹ ṣe é ní 4:3. Ẹ̀rọ DVD mọ ohun tó yẹ kó ṣe: ó máa fi dúdú sí òkè àti ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá bá a ṣe é, ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n tuntun ni ẹ ṣẹ̀. Kìkì fídíò tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 4:3 láti ìbẹ̀rẹ̀, irú èyí tó wà lórí VHS, ni mo máa fi sórí àwo 4:3.

PAL ni fún Nàìjíríà àti Ìlú Ọba. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀, màá dé ibẹ̀ níparí.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fi òbìrí kan dán an wò kí ẹ tó fọwọ́ kan ayẹyẹ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fo ìgbésẹ̀ yìí, òun gan-an ló sì ń gbani lọ́wọ́ wàhálà. Ojú ènìyàn máa ń tan èèyàn jẹ: ẹ lè wo ìyàwó tó ti fẹ̀ díẹ̀ kí ẹ sọ pé ara rẹ̀ ló sanra. Òbìrí kì í sanra.

Ẹ ṣí Paint tàbí ohunkóhun tí ẹ fi ń ya àwòrán. Ẹ ṣe ojú ìwé 1920×1080, kí ẹ di Shift mú, kí ẹ fi ya òbìrí ńlá kan sí àárín, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 900. Shift yẹn ni kò ní jẹ́ kó di ẹyin. Ẹ fi orúkọ obiri.png pamọ́, kí ẹ wá sọ ọ́ di fídíò ìṣẹ́jú àáyá 20:

ffmpeg -loop 1 -i obiri.png -t 20 -pix_fmt yuv420p obiri.mp4

Àyẹ̀wò: ẹ fi VLC ṣí obiri.mp4, kí ẹ gbé rúlà lé ojú kọ̀ǹpútà. Ìbú àti gíga gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí wọn kò bá dọ́gba níbí, ojú kọ̀ǹpútà yín fúnra rẹ̀ ni kò tò, ẹ lọ tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe ní Settings. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi irú ojú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ́díìtì tipẹ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yí i padà

Àṣẹ yìí gùn, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, orí ìlà kan ṣoṣo sì ni kí ẹ tẹ ẹ́ sí:

ffmpeg -i obiri.mp4 -vf "scale=trunc(iw*sar/2)*2:ih,setsar=1,scale=1024:576:force_original_aspect_ratio=decrease,pad=1024:576:(ow-iw)/2:(oh-ih)/2,scale=720:576,setsar=64/45" -target pal-dvd -aspect 16:9 obiri.mpg

Ẹ jẹ́ ká tú u wò, torí pé ẹni tó bá kàn kọ ọ́ sílẹ̀ láì mọ ìdí rẹ̀ kò ní lè tún un ṣe lọ́jọ́ tí fáìlì àjèjì bá dé.

Apá àkọ́kọ́, títí dé setsar=1, ń sọ píksẹ́lì di èyí tó dọ́gba. Fídíò 1440×1080 yóò di 1920×1080 níbẹ̀. Èyí tó ti dọ́gba tẹ́lẹ̀ kò ní yí padà.

Apá kejì ń mú àwòrán wọ inú àyè 1024×576, láì fà á. 1024×576 ni 16:9 gan-an bí píksẹ́lì bá dọ́gba. Fídíò 1920×1080 àti 1280×720 máa kún ibẹ̀ pátápátá. Ohun tí kò bá kún un, pad á fi dúdú dí i. Fídíò tí ẹnìkan gbà pẹ̀lú fóònù ní òòró, 1080×1920, kò ní gbà ju 324 lọ nínú 1024 yẹn, dúdú ni ìyókù. Oníbàárà lè kùn. Ẹ jẹ́ kó kùn, ó sàn ju kí ẹ fa fídíò òòró kí ó kún ojú tẹlifíṣọ̀n, kí orí àwọn ọmọdé wá dà bí elégédé.

Apá kẹta ni fífún pọ̀ gan-an: 1024 di 720, gíga kò yí padà. Òbìrí yín ti di ẹyin tó dúró lóòró báyìí, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Nínú píksẹ́lì, 480 ni gíga rẹ̀, ìbú rẹ̀ kò tó 340.

Àmì ni -aspect 16:9. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ẹ ti gbára lé oríire. -target pal-dvd ń ṣètò ìyókù: MPEG-2, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn AC-3 ní 48 kHz.

Fún àwo 4:3, ẹ fi 768 rọ́pò 1024 ní ibi méjèèjì, kí ẹ fi 16/15 rọ́pò 64/45, kí ẹ sì kọ -aspect 4:3.

Bí ẹ bá rí "top first" ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ kọ yadif, (pẹ̀lú kọ́mà rẹ̀) síwájú scale àkọ́kọ́, nínú àmì ọ̀rọ̀ náà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, apá ẹni tó ń jó máa yọ eyín bí òòyà.

Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí:

Ẹnìkan á rò pé 720×576 jẹ́ píksẹ́lì tó dọ́gba, á mú fídíò 16:9 wọ inú rẹ̀, yóò wá di 720×405 pẹ̀lú dúdú lókè àti nísàlẹ̀, á sì fi àmì 4:3 sí i. Ó jọ pé ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ DVD máa tú 720 sí 768, gbogbo ènìyàn á sì fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún. 432 ló yẹ kí gíga yẹn jẹ́, kì í ṣe 405. Àṣìṣe yìí burú torí pé kò pọ̀ tó láti kígbe. Ó kàn máa ń jẹ́ kí gbogbo ayé sanra díẹ̀.

Ẹlòmíràn á ti yan "DVD" nínú ètò tó fi ń ṣe ẹ́díìtì, ètò yẹn á ti fún un pọ̀, á sì tún kó o wá síbí. Bí ètò yẹn bá kọ SAR rẹ̀ dáadáa, àṣẹ wa á tú u kí ó tó tún un fún. Bí kò bá kọ ọ́, ó bàjẹ́. Ẹ mú fáìlì jáde ní 1920×1080, kí ẹ jẹ́ kí ibì kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ yìí.

Ẹ ó tún pàdé ìjà 1024 àti 1050. Àwọn kan ń sọ pé 1.42, àwọn kan 1.46, Premiere, ètò ẹ́díìtì, fúnra rẹ̀ yí tirẹ̀ padà ní ẹ̀dà CS4. Ibi tí ìjà náà ti wá ni pé nínú 720 yẹn, bíi 702 ló jẹ́ àwòrán gan-an nínú ètò tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, etí ni ìyókù. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò pé ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Tèmi ni pé kí ẹ dúró lórí 1024, torí pé fáìlì kọ̀ǹpútà kò ní etí yẹn, kí ẹ má sì pa méjèèjì pọ̀ nínú iṣẹ́ kan náà.

Àyẹ̀wò: ẹ tẹ ffprobe obiri.mpg. Ohun tó gbọ́dọ̀ jáde ni 720x576 [SAR 64:45 DAR 16:9]. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí i nínú VLC, kí ẹ rí i pé Aspect Ratio lábẹ́ Video wà ní Default, kí ẹ wọn òbìrí. Bó bá dọ́gba, ẹ fi ayeye.mp4 ṣe ohun kan náà.

Nípa àyè: bí ẹ kò bá yí nǹkan kan padà, àwo 4.7 GB kan máa gba bíi wákàtí kan àti ààbọ̀. Fún wákàtí méjì, ẹ fi -b:v 4500k kún un lẹ́yìn -target pal-dvd. Ẹ má fi ayẹyẹ wákàtí mẹ́rin há sórí àwo kan.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ to àwo

Nínú DVDStyler, bí ẹ bá ti ń ṣí iṣẹ́ tuntun, yóò bi yín ní Video format àti Aspect ratio. PAL, 16:9. Ẹ má kàn tẹ OK láì kà á, torí pé ibí yìí ni àmì kejì wà. DVD ń kọ ìwọ̀n ojú sí ibi méjì: inú fídíò fúnra rẹ̀, àti inú àwọn fáìlì IFO tó ń darí àwo. Bí àwọn méjèèjì bá ta ko ara wọn, ẹ̀rọ kan lè gba ti èyí gbọ́, òmíràn ti ìyẹn, ẹ ó sì máa gbọ́ pé "ó dára nílé wa, kò dára nílé àǹtí."

Ẹ fi obiri.mpg ṣe àkọ́kọ́, ayeye.mpg tẹ̀ lé e. Ẹ wo Properties fídíò kọ̀ọ̀kan kí ẹ rí i pé ètò náà kò fẹ́ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ orúkọ tàbí àkọlé sójú àwòrán, ẹ jẹ́ kí ó wà nínú ìdá 80 àárín, torí pé tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ máa ń gé etí.

Àyẹ̀wò: ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ṣe é sínú fódà, ẹ má tíì kọ ọ́ sórí àwo. Ẹ fi VLC ṣí fódà VIDEO_TS. Ẹ wọn òbìrí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìgbésẹ̀ 6: Orí tẹlifíṣọ̀n

Ẹ kọ ọ́ sórí DVD-R kan, kí ẹ jẹ́ kó parí pátápátá kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀rọ DVD tí kì í ṣe tiyín.

Kí ẹ tó dá àwo lẹ́jọ́, ẹ mú rìmóòtù. Nínú Setup ẹ̀rọ DVD, ẹ wá TV Shape tàbí TV Type. Ó máa ń ní 4:3 Pan Scan, 4:3 Letterbox àti 16:9. Tẹlifíṣọ̀n tuntun, 16:9. Ti àtijọ́, 4:3 Letterbox. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀, tó ní Zoom, Wide, Auto àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé púpọ̀ ló wà tí ẹnìkan ti tẹ Zoom lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù tí kò sì sẹ́ni tó dá a padà.

Ẹ kíyè sí èyí dáadáa: tẹlifíṣọ̀n fífẹ̀ tó wà ní Wide ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fún fídíò 16:9 pọ̀ tán tí ẹ sì fi àmì 4:3 sí i, tẹlifíṣọ̀n yẹn á ṣì fà á kún ojú rẹ̀, á sì dára. Ẹ ó gbé e fún oníbàárà pẹ̀lú ìdánilójú, òun á sì rí ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lórí tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ dán an wò pẹ̀lú Auto, tàbí lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ bí ẹ bá rí.

Àyẹ̀wò: ẹ fi téèpù wọn òbìrí lójú tẹlifíṣọ̀n.

- Gíga 40 cm, ìbú 40 cm: ó ti tò.
- Gíga 40, ìbú 30: àwòrán 16:9 ni, àmì rẹ̀ jẹ́ 4:3. Ẹ padà sí -aspect àti DVDStyler.
- Gíga 40, ìbú 53: àwòrán 4:3 ni, ẹ fi àmì 16:9 sí i.
- Gíga 40, ìbú bíi 43: ẹ lo 405 dípò 432, tàbí ẹ fojú píksẹ́lì kọ̀ǹpútà wo 720×576.
- Òbìrí dọ́gba ṣùgbọ́n dúdú yí i ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ibì kan ti fi dúdú sí òkè àti ìsàlẹ̀ nínú àwo 4:3, tẹlifíṣọ̀n sì fi ti ẹ̀gbẹ́ kún un. Ìwọ̀n iṣẹ́ inú ẹ́díìtì ni kí ẹ wò.

Bí ó bá ti tò, ẹ yọ òbìrí kúrò, kí ẹ to àwo náà lẹ́ẹ̀kan sí i fún oníbàárà.

Bí àwo bá ń lọ sí Amẹ́ríkà

Ẹ̀rọ DVD tí wọ́n ń tà nílé wa àti ní Ìlú Ọba sábà máa ń ka PAL àti NTSC, ìyẹn ìlànà ti Amẹ́ríkà. Ti Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í ka PAL. Bí ẹ̀gbọ́n oníbàárà bá wà ní Houston, ẹ ṣe ti NTSC lọ́tọ̀. 720×480 ni, àwòrán 29.97 ní ìṣẹ́jú àáyá kan:

ffmpeg -i ayeye.mp4 -vf "scale=trunc(iw*sar/2)*2:ih,setsar=1,scale=854:480:force_original_aspect_ratio=decrease,pad=854:480:(ow-iw)/2:(oh-ih)/2,scale=720:480,setsar=32/27" -target ntsc-dvd -aspect 16:9 ayeye_us.mpg

Láti orí fáìlì àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ má ṣe é láti orí ayeye.mpg tó ti di PAL: ẹ ó fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwòrán á sì rẹ̀. Bí kámẹ́rà bá gba 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ ó rí i pé ó ń fò díẹ̀ bí kámẹ́rà bá ń rìn lọ sọ́tùn-ún sósì. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ píksẹ́lì, kò sì sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i níbí. Fídíò fóònù tó jẹ́ 30 máa ń dán ju ti PAL lọ níhìn-ín.

Nínú DVDStyler, ẹ ṣí iṣẹ́ tuntun pátápátá, kí ẹ yan NTSC. Tí ẹ bá tẹ ffprobe, 720x480 [SAR 32:27 DAR 16:9] ni kó jáde. Ẹ wá fi bírò kọ "NTSC" sójú àwo náà, kí wọ́n má baà fi ti Houston ránṣẹ́ sí Ìbàdàn.